Blúbẹ́rì ti pọ̀ jù nílé: fírísà ni, jáàmù ni, àbí ká sá a gbẹ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jersey, Maryland, Michigan àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin blúbẹ́rì, àsìkò ẹ̀ ti dé o. Láti àárín oṣù kẹfà títí wọ ìparí oṣù keje ni oko tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn fúnra ẹ̀ já èso máa ń kún ní New Jersey, àwọn ará Georgia ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ará Michigan ní tiwọn lè máa jẹ ẹ́ wọ oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ ẹ bá ti kó àwọn ọmọ lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ: ọmọ kan ń já, èkejì ń jẹ, bàbá wọn ní ká tún gba korobá kan sí i torí owó ẹ̀ dín gan-an sí ti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì tó mọ̀, kílò 8, kílò 10 ti jókòó sórí tábìlì ìdáná, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ ìyẹn tán ní tútù kó tó máa rọ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé èwo ló dáa jù, kí n se é ní jáàmù ni àbí kí n kó o sí fírísà? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn yá jù. Ipò tí èso náà wà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ìyẹn ká wo àyè tó wà nílé, ká tó wá bi ara wa pé ta ló máa jẹ ẹ́. Inú korobá kan náà lẹ máa ti rí èyí tó yẹ fún fírísà, èyí tó yẹ fún ìkòkò àtèyí tó yẹ fún ààtàn, ẹni tó bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń fi èyí tó dáa ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà á

Ẹ dà á sórí tíréè tó fẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ o, mo tún un sọ, ẹ má fọ̀ ọ́. Nǹkan funfun kan máa ń wà lára ẹ̀ táwọn kan rò pé eruku ni, kì í ṣe eruku, ara èso náà ló ti jáde, òun ló ń bò ó kó má tètè gbẹ kó má sì tètè bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá fọ ìyẹn kúrò tẹ́ ẹ wá kó o pamọ́ pẹ̀lú omi lára, ó máa bu láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Tó bá ti wà lórí tíréè, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tíréè yẹn sókè díẹ̀, ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ rọra gba orí ẹ̀ kọjá. Èyí tó le á yí lọ wẹ́rẹ́, èyí tó ti rọ̀ á dúró síbi tó wà tàbí kó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó yí lọ, fírísà ló ni ín, tàbí kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Èyí tó rọ̀ àmọ́ tí kò tíì bu, tí kò sì rùn, ìkòkò ló ni ín, lónìí yìí náà, kì í ṣe lọ́la. Èyí tó ti hu funfun tàbí tó ti bẹ́ tí omi ń jáde lára ẹ̀, ẹ dà á nù, torí ẹyọ kan tó bu máa ń ran gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ máa rí àwọn mìíràn tó ṣì pupa nídìí, ẹ má retí pé wọ́n á dùn sí i nínú ilé, blúbẹ́rì kì í dùn sí i tí wọ́n bá ti já a, àmọ́ ẹ tọ́jú wọn, wọ́n wúlò nínú jáàmù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ní tútù, ẹ kó o sínú abọ́ tí kò jìn, kẹ́ ẹ tẹ́ tíṣù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, inú fíríìjì ló máa wà, á lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bu ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀.

Fírísà

Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, fírísà ló gba iṣẹ́ tó kéré jù, òun náà ló sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀nà yòókù ṣì ṣí sílẹ̀. Jáàmù tẹ́ ẹ bá ti sè, jáàmù náà ló máa jẹ́ títí tó fi máa tán, àmọ́ blúbẹ́rì tó wà nínú fírísà lè di jáàmù ní oṣù kejìlá, ó lè di smoothie, ó lè di pie, ẹ sì lè bù ú sórí ògì àwọn ọmọ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó kó èyí tó le sí fírísà ná, kó wá máa rò ó.

Ẹ tẹ́ pépà tí wọ́n fi ń yan nǹkan sínú tíréè, kẹ́ ẹ tẹ́ blúbẹ́rì lé e ní ìpele kan péré, kí wọ́n má gun ara wọn, ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú. Nígbà tó bá ti dì gbagidi, ẹ rọ ọ́ sínú náílọ̀n Ziploc, ẹ tẹ atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde dáadáa, ẹ kọ déètì sí i. Bẹ́ ẹ bá gbọn náílọ̀n yẹn, á máa dún bí ọmọ ayò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá wà láyè ara ẹ̀, ife kan péré lẹ fẹ́ bù, ife kan náà lẹ máa bù. Ẹni tó bá dà á sínú náílọ̀n tààrà láìkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tíréè, òkìtì yìnyín kan ló máa bá nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó, á wá máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ tún wà níbí. Ibi tí Yunifásítì Georgia ti ń kọ́ àwọn èèyàn nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ nílé sọ pé ká má fọ̀ ọ́ ká tó dì í, torí fífọ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí èèpo ẹ̀ le lẹ́nu, ìgbà tá a bá fẹ́ lò ó la máa ṣàn án lómi. Àwọn kan ò lè gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi tówẹ̀lì gbẹ ẹ́ kó tó wọ fírísà, kò burú, àmọ́ ẹ ríi dájú pé ó gbẹ o. Èmi fara mọ́ ti Georgia, kìkì pé ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára náílọ̀n pé A Ò TÍÌ FỌ̀ Ọ́, torí àwọn ọmọ máa ń ṣí fírísà kó o jẹ bíi súìtì.

Tí fírísà yín bá tutù dé ìwọ̀n −18 Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì, oṣù 8 sí 12 ló máa fi dùn dáadáa. Ibi tó kù sí ni pé tó bá ti yọ́ tán, ó máa rọ̀, kò ní le lẹ́nu bíi tútù mọ́, torí náà ẹ má dì í tán kẹ́ ẹ wá máa retí pé ẹ máa gbé e kalẹ̀ fún àlejò nínú abọ́ èso. Smoothie, yógọ́ọ̀tì, nǹkan sísè, nǹkan yíyan, ibẹ̀ ló ti wúlò.

Ibi kejì tó kù sí ni àyè. Fírísà ilé Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ata lílọ̀ nínú ike áísìkiriìmù, ẹran ewúrẹ́, ẹja, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti bọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí màmá sè sílẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Blúbẹ́rì máa ń gba òórùn nǹkan tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí náà ẹ fi náílọ̀n méjì wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí wọ́n lè to lé ara wọn, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí ibi tí ẹja wà, ẹ jọ̀ọ́. Náílọ̀n gálọ̀ọ̀nù kan tó tẹ́ pẹlẹbẹ á gba bíi kílò kan ààbọ̀. Ẹni tó ń gbé àpátímẹ́ǹtì tó jẹ́ pé àpótí kékeré tó wà lókè fíríìjì nìkan ni fírísà ẹ̀, kó má tan ara ẹ̀, kílò 10 ò lè wọ ibẹ̀, ìkòkò ló kàn án.

Jáàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ síróòpù

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bákan náà, èso, ṣúgà, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, iná. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé jáàmù gbọ́dọ̀ dì, síróòpù ò ní láti dì, ìyẹn ló jẹ́ kí síróòpù rọrùn fẹ́ni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́.

Fún jáàmù tí kò ní pẹ́kítìn onípákẹ́ẹ̀tì nínú, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sí jáàmù kó lè dì, kílò 1 blúbẹ́rì, ṣúgà bíi gíráàmù 650, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3. Ibí gan-an ni èyí tó rọ̀ yẹn ti wúlò, kẹ́ ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan èyí tó ṣì pupa nídìí mọ́ ọn, torí èso tí kò tíì pọ́n tán ló ní ohun tó ń mú jáàmù dì jù. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú ìkòkò kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, kí omi ara ẹ̀ lè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ á jóná kí òkè tó gbóná. Ẹ lo ìkòkò tó jìn, ó máa ń hó ru sókè, ìfófòó ẹ̀ sì máa ń kọ sára sítóòfù, àwọ̀ yẹn kì í tètè lọ. Lẹ́yìn tó bá ti hó kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, ẹ wo bí ó ṣe ń já láti etí ṣíbí, níbẹ̀rẹ̀ á máa kán tó tó bí omi, tó bá yá á lọ́ra, ìkán méjì á pàdé létí ṣíbí kí wọ́n tó já bọ́ pọ̀. Ẹ ti gbé àwo tíì kan sí fírísà sílẹ̀, ẹ kán an sórí àwo tútù yẹn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ìka tì í: tí ojú ẹ̀ bá hunjọ, ó ti jinná, tó bá ń ṣàn padà, ẹ jẹ́ kó hó sí i. Ẹni tó bá ní tamọ́mítà, ìwọ̀n 104 sí 105 Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì ló ń wá.

Kílò kan yẹn á fún yín ní bíi ìgò kékeré 4. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù láìsí fíríìjì, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò tó gbóná, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, ẹ fi ìdérí tuntun dé e, kẹ́ ẹ wá ki gbogbo ìgò yẹn bọ inú omi tó ń hó, kí omi bò wọ́n lórí, fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Denver àti irú ibi gíga bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú tiyín á lé, torí omi ò gbóná tó tìsàlẹ̀ kó tó hó lọ́dọ̀ yín. Kíkan wà nínú blúbẹ́rì dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí omi híhó lásán tó fún un, ẹ má mú ọ̀nà yìí lọ ṣe ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ o, ìyẹn léwu gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má tẹ̀lé ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yí ìgò sódì kó lè dé fúnra ẹ̀ láìsè é, mo mọ̀ pé ó pọ̀ lórí fídíò, kò dájú.

Síróòpù ní tiẹ̀, ẹ se èso náà pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi tó jáde padà síná pẹ̀lú ṣúgà àti lẹ́mọ́ọ̀nù títí á fi ki díẹ̀. Ṣúgà tó dín lè ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ń retí pé kó dì. Inú fíríìjì ló máa wà, àbí kẹ́ ẹ kó o sí fírísà nínú ike kéékèèké. Pancake, áísìkiriìmù, omi tútù tí yìnyín wà nínú ẹ̀, ó bá gbogbo ẹ̀ mu. Tí àwọn èèyàn ilé yín kì í bá sábà jẹ búrẹ́dì òun jáàmù, síróòpù ni kẹ́ ẹ ṣe, torí mo ti rí ilé tí ìgò jáàmù ti to gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Tí ìlérí jáàmù bá sì wà fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí olùkọ́ àwọn ọmọ, jáàmù ló yẹ, ìgò tó dì dáadáa tẹ́ ẹ so ríbọ́ọ̀nù mọ́ lọ́rùn, ẹ̀bùn gidi ni.

Ẹni tí ṣúgà ń bá jà, àtàwọn òbí wa tó wá kí wa láti ilé tí dókítà ti kìlọ̀ fún, jáàmù àti síróòpù kì í ṣe tiwọn, inú fírísà ni kẹ́ ẹ fi tiwọn sí láìfi nǹkan kan sí i.

Sísá gbẹ

Èyí ló dùn ún gbọ́ lẹ́nu jù, òun ló sì gba sùúrù jù. Èèyàn á rò pé ká kàn sá a sóòrùn bí elùbọ́, àmọ́ èèpo blúbẹ́rì ò jẹ́ kí omi inú ẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rì í sínú omi tó ń hó fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30 kẹ́ ẹ sì dà á sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀, kí èèpo yẹn lè sán, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú dehydrator, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ oúnjẹ, ní ìwọ̀n 57 Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì, ọjọ́ kan gbáko ló máa gbà, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀. Óófùnù ilé púpọ̀ ò lè lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n yẹn, ìta èso náà ló máa ń le tí inú ẹ̀ ṣì tutù. Oòrùn Jersey tàbí ti Houston ò lè ṣe é, kì í ṣe pé kò gbóná, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, kó tó gbẹ ó ti bu. Àwọn ará Arizona àti apá ibì kan ní California tí afẹ́fẹ́ wọn gbẹ, àwọn ló lè gbìyànjú ẹ̀.

Kílò kan á dín kù sí bíi gíráàmù 200, torí omi ló pọ̀ jù nínú blúbẹ́rì. Ohun tó fi borí fírísà ni pé kò nílò iná ìjọba lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ohun tó fi borí jáàmù ni pé kò wúwo, ẹ lè kó o sínú báàgì oúnjẹ ọmọ, ẹ sì lè gbé e rìnrìn àjò. Tó bá gbẹ tán, ẹ kó o sínú ìgò, kẹ́ ẹ máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tẹ́ ẹ bá rí omi lára ìgò, ó padà sínú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé tìtorí àwọn ọmọ lẹ ṣe fẹ́ ṣe é, mo dá a lábàá kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ nínú blẹ́ńdà pẹ̀lú ápù, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tíréè, ìwọ̀n 60 fún wákàtí 6 sí 8, ẹ wá ká a bí ẹní. Kò gba àkókò tó odidi ẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ẹ̀ ju odidi ẹ̀ lọ.

Yíyan, zobo, àti wáìnì

Ẹni tó ń sọ pé muffin lòun máa fi lo kílò 10 tán ò tíì ṣírò ẹ̀. Muffin 12 ò ju ife méjì lọ, bíi gíráàmù 300. Pie kan ló ń jẹ ife 6, kílò kan ó dín díẹ̀, torí náà tó bá jẹ́ pé yíyan lẹ fẹ́, pie ni, ẹ sì lè dì í sí fírísà láìtíì yan án. Blúbẹ́rì wẹ́wẹ́ ló dáa jù fún muffin, kì í rì sísàlẹ̀ bíi ti ńlá. Ẹ lè rí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Rubel ní àwọn oko kan, inú igbó New Jersey ni wọ́n ti rí igi yẹn nígbà tí Elizabeth White, àgbẹ̀ kan níbẹ̀, àti Frederick Coville, onímọ̀ nípa ewéko, ń wá igi tó dáa fún oko, àwọn ló kọ́kọ́ gbé blúbẹ́rì oko jáde tà ní 1916 ní Whitesbog, oko ìdílé White. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo èyí tó wà ní fírísà, ẹ má jẹ́ kó yọ́, ẹ dà á sí fúláwà yẹn bó ṣe dì. Tí muffin yín bá sì ń yọ àwọ̀ ewé láyìíká èso, kò bàjẹ́, baking soda ló fà á, ẹ fi yógọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i.

Zobo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú ṣáá. Ẹ bọ ìṣápá pupa pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ da blúbẹ́rì tẹ́ ẹ ti tẹ̀ sí i, ẹ dé e kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Kíkan zobo yẹn á rọlẹ̀, ṣúgà tẹ́ ẹ máa fi sí i á dín, àwọ̀ ẹ̀ á sì dúdú mọ́ pupa tó wu ojú. Tẹ́ ẹ bá fi wé síróòpù, ọjọ́ díẹ̀ lèyí máa fi wà nínú fíríìjì, torí náà ti òpin ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀ ni.

Wáìnì wà fún àwọn tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, òfin Amẹ́ríkà gbà kí àgbàlagbà méjì nínú ilé kan ṣe tó gálọ̀ọ̀nù 200 lọ́dún fún jíjẹ-mímu ara wọn, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á, oṣù gbọọrọ ló sì máa gbà kó tó ṣeé mu. Kì í ṣe ohun téèyàn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èso ti ń rọ̀ lórí tábìlì.

Kílò 10 tó wà níwájú yín

Tẹ́ ẹ bá ní fírísà ńlá ní gàráàjì, tẹ́ ẹ sì níṣẹ́ lọ́la, kílò 7 sí fírísà, kílò 1 sí fíríìjì, èyí tó rọ̀ nínú ẹ̀ sí síróòpù lálẹ́ yìí, ó tán. Tẹ́ ẹ bá ń gbé àpátímẹ́ǹtì, kílò 3 sí fírísà ní pẹlẹbẹ, kílò 3 sí jáàmù ní ìgbà méjì, ẹ má sè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí ìkòkò tó bá kún jù kì í jẹ́ kó dì dáadáa, kílò 2 sí fíríìjì, kẹ́ ẹ gbé kílò 2 yòókù fún aládùúgbò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ já a gan-an, nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì le. Tí ọmọ kéékèèké bá pọ̀ nílé, ẹ fi kílò kan nínú ti jáàmù ṣe èyí tá a ká bí ẹní yẹn, wọn ò ní jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Tí ẹ̀yin méjì péré bá wà nílé, korobá kan ti tó yín, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ fún oko.